Ọjọ́rú Oògùn Ẹ̀jẹ̀: Ṣé Kí N Fọwọ́ Sí Lẹ́tà Ilé Ẹ̀kọ́ Ọmọ Mi?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ méjì kan ní Àsẹ̀rò:

Lẹ́tà kan dé láti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní láti sáà tó ń bọ̀, gbogbo ọmọ láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà yóò máa gbé hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ kan, èyí tí èròjà irin wà nínú rẹ̀, mì ní gbogbo Ọjọ́rú, kí òbí tó bá fara mọ́ ọn fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 9, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Màmá mi, tí a jọ ń gbé, ní àwọn kò gbọ́ ọ rí kí a máa fún ọmọ tí kò ṣàìsàn ní oògùn. Wọ́n ní inú ẹ̀fọ́ ni ẹ̀jẹ̀ wà, kí n máa gún ewé ugwu, kí n máa fún un ní omi rẹ̀ mu. Ọkọ mi ní oògùn irin máa ń jí ibà dìde lára ọmọ. Èmi kò mọ ẹni tí n óò gbà gbọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Abẹ́òkúta yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ojú yín rí?

* * *

Mo ti ṣe é, mo sì rí oore àti wàhálà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni àpótí oògùn fi wà ní ìkáwọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ọ̀nà Lafenwa, níbi tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti dá owó jọ, tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò sì ń bá wa mójú tó pínpín oògùn náà. Èrò mi ni pé kí ẹ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ẹ kọ́kọ́ mú lẹ́tà náà padà lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ béèrè àwọn nǹkan tí n óò máa dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ, nítorí hóró oògùn yẹn gan-an ló rọrùn jù nínú gbogbo ètò náà. Ohun tí wọ́n bá fi yí i ká ni yóò sọ bóyá yóò ṣe ọmọ yín láǹfààní tàbí yóò pa á lára.

Ẹ ní ara ọmọ yín dá ṣáṣá. Báyìí ni ọ̀pọ̀ òbí tí mo bá pàdé ṣe máa ń sọ, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í dá ọmọ dùbúlẹ̀ bí ibà. Ọmọ náà yóò jí, yóò wọ aṣọ, yóò rìn dé ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí agogo mọ́kànlá bá ti lù, yóò gbé orí lé tábìlì; bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré ní pápá, abẹ́ igi ni yóò jókòó sí; àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń jí ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ jẹ tàbí kí wọ́n máa lá amọ̀. Mo ti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ rí lójú gbogbo kíláàsì, kí a tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tí PCV rẹ̀ (ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) fi jẹ́ 24. Ó ń dùn mí di òní olónìí.

Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún 5 sí 11 kò tó bí himoglóbìnì rẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara) bá wà lábẹ́ gíráàmù 11.5 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Fún ọmọ ọdún 12 sí 14, ààlà náà gòkè dé 12. Nínú PCV tí àwọn ilé àyẹ̀wò wa máa ń kọ fún wa, ti ọmọ yín kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju bíi 34 lọ. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ìlera àwọn ará Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59 ni kò tó, àti ti ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin ọlọ́dún 15 sí 49. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí àárín ìlà méjèèjì, kò sí ẹni tó kà wọ́n nínú ìwádìí yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá kéré nígbà tó wà ní ọdún 4, n kò rí ìdí tí a ó fi gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò pé ó ti kún nítorí pé ọmọ náà ti wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ti gba ojú ewé yìí kan. Àwọn tó gbè sẹ́yìn màmá yín pọ̀: ẹnìkan ní tẹ̀tẹ̀, ẹlòmíràn ní ṣọkọ, ìyá àgbà kan ní Ìtòkú ní poroporo bàbà tí a sè títí omi rẹ̀ fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ni àwọn fi tọ́ ọmọ méje, tí ìkankan nínú wọn kò sì mọ ilé ìwòsàn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí pé oúnjẹ ni ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo abọ́ ọmọ bí ó ti rí gan-an ní ìlú yìí. Àmàlà láfún ni, ewédú ni, ẹja tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ ni. Láti ara ẹ̀gẹ́ ni láfún ti wá. Ó ń kún inú, ó sì ń fún ọmọ ní agbára láti sáré, ṣùgbọ́n èròjà irin inú rẹ̀ kéré púpọ̀. Èyí tó wà nínú ewé sì jẹ́ irú èyí tí ìfun kì í tètè gbà, kò dà bí ti ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja. Èwo nínú wa ló lè fún ọmọ ní ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á ní Kútọ̀ báyìí?

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀fọ́ ṣiṣẹ́ fún ọmọ yín, nǹkan méjì ni ẹ lè ṣe láìná owó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ ọsàn tàbí àgbálùmọ̀ mọ́ oúnjẹ náà, nítorí èròjà tó mú wọn kan lẹ́nu ń ran ìfun lọ́wọ́ láti gba irin inú ewé. Ẹ sì má ṣe fún un ní tíì ní kété tó bá jẹun tán, nítorí tíì ń dè é mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń da wàrà mọ́ omi ugwu kí ó lè dùn lẹ́nu ọmọ, ẹ yọ wàrà náà kúrò. Òun náà ń dí èròjà irin lọ́nà. Mo ti rí àwọn ìyá tó fi gbogbo ọkàn ṣe é lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan fún ọmọ ní ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì gbà padà, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn.

Síbẹ̀, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dà bí ẹni tó jẹ àjẹsílẹ̀ gbèsè. Owó oúnjẹ òòjọ́ lè má jẹ́ kí gbèsè náà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò lè san án. Ohun tí oògùn wà fún nìyẹn. Ní ti poroporo, mo bọ̀wọ̀ fún ìyá wa ní Ìtòkú. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ti ọmọ tí wọ́n á máa fún ní omi pupa fún oṣù mẹ́fà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nígbà tó jẹ́ pé aràn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ náà nínú ìfun rẹ̀.

* * *

Bàbá kan láti Ọ̀báńtokò kọ̀wé pé mò ń ṣi ìyá ọlọ́mọ lọ́nà, pé ní ìlú Tanzania wọ́n fún àwọn ọmọ ní irú oògùn yìí, wọ́n sì kú.

Bàbá yìí ní ẹ̀rí lọ́wọ́, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Erékùṣù Pemba ní Zanzibar ni. Àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ jáde ní 2006: lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ ọlóṣù 1 sí oṣù 35 ní èròjà irin mílígíráàmù 12.5 pẹ̀lú fólíkì (fítámì tó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀), ní ibi tí ibà ti gbilẹ̀, láìyẹ ẹnikẹ́ni wò bóyá irin rẹ̀ kò tó. Àwọn tó gba oògùn náà ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn jù, àwọn náà ló sì kú jù, débi pé wọ́n ní láti dá apá náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ọkọ ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rù lásán.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà wà. Nínú àwọn ọmọ díẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa tí wọ́n sì ń tètè tọ́jú ibà wọn, àwọn tí irin wọn kò tó ni oògùn náà ṣe láǹfààní. Ìkókó àti ọmọ ọwọ́ ni àwọn ọmọ Pemba. Ọmọ ọdún 9 ti bá ibà jà lọ́pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ sì ti kọ́ bí a ṣe ń gbà á mọ́ra. Ojoojúmọ́ ni ti Pemba, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni èyí tí lẹ́tà yín ń sọ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì tún ìlànà rẹ̀ kọ ní 2016, kò ní kí àwọn ilẹ̀ oníbà má ṣe fún ọmọ ní irin. Ohun tó sọ ni pé kí irin má ṣe dá rìn: kí ìdènà ibà, àyẹ̀wò ibà àti ìtọ́jú ibà máa bá a rìn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyá Àsẹ̀rò. Bí ara ọmọ mi bá gbóná ní Ọjọ́rú, ta ni yóò mọ̀, kí ni yóò sì ṣe? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí n tó fún un ní omi. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná kì í gbé oògùn mì lọ́jọ́ náà. A máa ń kọ ìwé lé e lọ́wọ́ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, ó di ìgbà tó bá lo oògùn ibà tán kí ó tó padà sórí ìlà. Yàtọ̀ sí ewu, ara tó ń bá àrùn jà máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ irin, kì í jẹ́ kí ó gba ìfun kọjá, nítorí náà ẹ ó kàn fi oògùn náà ṣòfò ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá rí ìdáhùn fún ìbéèrè yìí kò tíì múra sílẹ̀.

Àwọ̀n ẹ̀fọn sì wà. Ibà fúnra rẹ̀ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó ń gbé oògùn mì ní Ọjọ́rú tí ẹ̀fọn sì ń jẹ ní alẹ́ méje ọ̀sẹ̀, agbọ̀n la fi ń pọnmi sí i lára.

* * *

Ẹnìkan tó ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá omi Ọ̀yán béèrè pé ṣé oògùn irin yóò wo àwọn ọmọkùnrin tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ sàn. Ó ní ní ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn ọmọ gbà pé àmì pé ènìyàn ti ń di ọkùnrin ni.

Rárá o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn irin bo èyí mọ́lẹ̀. Àtọ̀sí ajá ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti sé omi Ọ̀yán ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu ni ìgbín kékeré inú omi ti rí ibùgbé tó tutù. Inú ìgbín yẹn ni kòkòrò náà ti ń dàgbà, tí yóò fi jáde sínú omi, tí yóò sì gba awọ ara ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ wọlé. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì wa ní Àlàbátà ti kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ti máa ń pín in, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n tí ọmọ yóò dúró tì, kí gíga rẹ̀ lè sọ iye hóró tí yóò gbé mì.

Mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yà díẹ̀ nítorí pé ó kan ìbéèrè wa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìtọ̀ jáde, tí aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ sì tún wà nínú ìfun, ẹ lè fi irin kún ọmọ náà títí ọdún yóò fi yí po, yóò ṣì máa jò. Nítorí náà ni a fi máa ń pín oògùn aràn, albendazole hóró kan ti mílígíráàmù 400, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́rú àkọ́kọ́. Ẹ béèrè ìyẹn náà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́: ìgbà wo ni ẹ fún wọn ní oògùn aràn kẹ́yìn?

* * *

Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS kọ̀wé pé gbogbo wa ti gbàgbé irú ọmọ tòun.

Ẹ má bínú, ìyá wa, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yín ti ṣáájú. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í sábà jẹ́ pé irin ló wọ́n lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tètè fọ́, irin inú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ń kù sínú ara, bí wọ́n bá sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí, irin mìíràn ti bá ẹ̀jẹ̀ yẹn wọlé. Bí a bá tún wá ń kó irin lé e lórí láìṣe àyẹ̀wò, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀ ni yóò gbé ẹrù náà. Fólíkì ni àwọn dókítà sábà máa ń fún un, ó di ìgbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé irin rẹ̀ kò tó kí wọ́n tó fi irin kún un. Ọmọ AS kò sí nínú ewu yìí. Ó lè gba oògùn bí àwọn yòókù.

Lẹ́tà kan tí mo rí ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àyè ìfọwọ́sí. Kò sí ibi tí òbí yóò kọ jẹnotáìpù ọmọ sí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sí àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní Lafenwa. Ọmọ SS kan gba oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀. Nǹkan kan kò ṣe é, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìyá náà kò gbà kí ilé ẹ̀kọ́ náà fún ọmọ rẹ̀ ní ohunkóhun mọ́, títí kan oògùn aràn, n kò sì rí ẹnu dá a lẹ́bi. Bí lẹ́tà tiyín kò bá béèrè jẹnotáìpù, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

* * *

Ní kúkúrú, fún ẹni tó kígbe pé ìlànà sọ mílígíráàmù 45 ṣùgbọ́n 200 ni wọ́n kọ sára páálí tí wọ́n ń lò fún ọmọ òun: iyọ̀ tí irin náà wà nínú rẹ̀ ni 200 yẹn, kì í ṣe irin nìkan. Nínú hóró ferrous sulphate gbígbẹ ti 200, irin tó wà níbẹ̀ tó bíi 65. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ní 2011 fún ọmọ ọdún 5 sí 12 ni 45 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sinmi fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa kì í fún àwọn ìwé kìíní àti ìwé kejì ní hóró yẹn rárá. Olómi ni ó máa ń wọ̀n fún wọn. Ẹ béèrè irú èyí tí wọn yóò lò, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀.

* * *

Olùkọ́ kan láti Adátán bínú gidigidi. Ó ní ọmọ 58 ló wà ní kíláàsì òun, pé ṣé a tún fẹ́ sọ òun di nọ́ọ̀sì ni, àti pé bí ọmọ kan bá bì tàbí ó dákú, orí ta ni wọn yóò dì í lé?

Mo gbà pẹ̀lú olùkọ́ yìí ju bí ó ti rò lọ. Ètò tó bá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lé olùkọ́ lórí yóò kú ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wa, orí ìlà àdúrà òwúrọ̀ ni a ti pín oògùn, nítorí ẹnìkan ti sọ fún wa pé irin ń wọ ara dáadáa nígbà tí inú bá ṣófo. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mọ́kànlá ló bì lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, odidi ìwé kẹrin pa ẹnu mọ́, wọn kò la á. A gbé e lọ sí ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn kan ṣì ń bá mi jiyàn lórí èyí títí di òní, wọ́n ní ẹ̀wà ń dín irin tó wọ ara kù. Ó ń dín in kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin díẹ̀ tó wọ ara sàn ju gbogbo rẹ̀ tó dà sílẹ̀ lórí iyanrìn lọ. Níbi tí ìjọba ti ń bọ́ àwọn ìwé kìíní sí ìwé kẹta, gẹ́gẹ́ bí ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, oúnjẹ yẹn gan-an ni kí wọ́n so oògùn mọ́.

Ìyá kan tún sáré wá ní ọjọ́ kẹta pé a ti fún ọmọ òun ní májèlé, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ẹ̀tù. Irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ewu. Inú lè máa run ọmọ díẹ̀, ìgbẹ́ sì lè le. Ẹ̀bi wa ni pé a kò sọ ọ́ fún wọn ṣáájú; láti ìgbà náà ni a ti ń kọ ọ́ ní Yorùbá sí orí lẹ́tà, kí òbí máa retí rẹ̀.

Ohun tí n kò lè gbàgbé láéláé ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Mo bá hóró mẹ́ta nínú àpò ṣòkòtò ọmọkùnrin kan ní ìwé karùn-ún, ó fi bébà wé wọn dáadáa. Ó máa ń fi oògùn pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò mu omi, bí mo bá sì ti yíjú sí ẹlòmíràn, yóò tu ú sọ́wọ́. Mo bínú, mo ní kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó dákẹ́ títí. Nígbà tó yá, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní màmá òun lóyún, wọ́n ti sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, wọn kò sì tíì rí owó ra oògùn. Mo jókòó sórí àga kíláàsì, n kò lè sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti nọ́ọ̀sì lọ sí ilé wọn, a sì rí i pé ìyá náà gba oògùn tó tọ́ sí aboyún, nítorí ojoojúmọ́ ni tiwọn. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni gbogbo ọmọ ti ń la ẹnu tí wọ́n sì ń gbé ahọ́n sókè kí n tó fi àmì sí orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà.

Ìdí tí a kò fi ń jẹ́ kí ọmọ gbé oògùn náà lọ sílé wà nínú ìtàn yìí kan náà. Hóró irin ń dán, ó ní àwọ̀, ó jọ súìtì. Bí ọmọ ọdún méjì bá rí odidi páálí kan gbé mì, ó lè pa á. Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ó máa wà, ní ọ́fíìsì, kí kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ní ti ọmọ 58, olùkọ́ wa: ọmọ méjì láti ìwé kẹfà ń bù omi, nọ́ọ̀sì tàbí èmi ń pín oògùn, olùkọ́ kíláàsì ń pe orúkọ. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ fún kíláàsì kan. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá lè rí ẹnìkan láti ilé ìwòsàn tí yóò dúró tì yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, n óò sì gbè sẹ́yìn yín.

* * *

Ẹnìkan ní ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọbìnrin ni nǹkan oṣù ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kí ni a ń fún àwọn ọmọkùnrin kéékèèké fún? Ìlú Ghana gba ọ̀nà yẹn ní 2017: àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 10 sí 19 ni wọ́n ń fún ní hóró irin àti fólíkì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, olùkọ́ ló ń fún àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, òṣìṣẹ́ ìlera ló sì ń wá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tàbí tó ń tajà rí. Bí owó bá kéré, èmi náà gbà pé àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ni kí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n aràn kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ibà kò sì mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn ọmọ tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ọmọkùnrin ni èyí tí mo pè ní ọ̀lẹ yẹn. Kò tilẹ̀ lo oògùn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ìdènà ni ìyẹn. Ọmọ tí PCV rẹ̀ bá ti wá sílẹ̀ dé 24, dókítà ni yóò tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú oògùn ojoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó jẹ́ 33, òun ló sì kọ́kọ́ dé òpin eré ìje kíláàsì rẹ̀ ní ọdún náà.

* * *

Ìyá Àsẹ̀rò padà wá. Wọ́n ní àwọn lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Nọ́ọ̀sì yóò wà níbẹ̀, oògùn aràn yóò ṣáájú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ronú nípa jẹnotáìpù, wọ́n sì ti gbà láti tún lẹ́tà náà kọ. Ọmọ náà jẹ́ AS, PCV rẹ̀ jẹ́ 32. Màmá wọn rí nọ́ńbà náà, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí wọ́n fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n kí ẹ̀fọ́ má ṣe tán nílé. Ìbéèrè wọn báyìí ni pé àbúrò rẹ̀ ọlọ́dún 4 kò wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn; ṣé kí àwọn ra ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí àwọn sì máa dá a sí méjì fún un?

Ẹ má ṣe dá a sí méjì o, ẹ jọ̀wọ́. Ọmọ ọdún 4 ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, olómi ló sì máa ń jẹ́. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níwọ̀n ọjọ́ orí àti ara rẹ̀ ni kí ó fún un. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò yín, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì mọ jẹnotáìpù tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n jẹ́ AS kò sọ ohun tí àbúrò jẹ́. Ní ti ẹ̀gbọ́n, 32 kò burú jù, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ fi ìwé àyẹ̀wò náà han nọ́ọ̀sì kí Ọjọ́rú àkọ́kọ́ tó dé, kí ó sọ bóyá ọmọ náà yóò kọ́kọ́ gba ìtọ́jú ojoojúmọ́, kí ẹ sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ kí màmá fún mi. Ẹ sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n máa fi ọsàn sí i.